Léèsì di bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, ojú di èédú: Ẹ yẹ contrast kámẹ́rà yín wò kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ fọ́tò n'Ìbàdàn nígbà tí ìyá kan wọlé tòun ti álúbọ́ọ̀mù ńlá lábẹ́ abíyá. Ọ̀rẹ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti pàdé rẹ̀, kò tètè mọ̀ pé inú ìyá náà kò dùn. Ìyá gbé álúbọ́ọ̀mù lé orí káńtà, ó ṣí i, ó fi ìka sórí fọ́tò kan.

"Fọ́tò, ta lo yà síbí?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì. Ẹ̀yin àti Dádì."

"Èmi kọ́. Léèsì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, òkúta wà lára ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì lo yà sára mi yìí. Dádì tó o sọ yìí ńkọ́? Ṣé èédú lo gbé jókòó tì mí ni?"

Èmi náà nọ ọrùn wò ó. Ìyá náà kò parọ́. Léèsì funfun tó wọ̀ ti di funfun kan báyìí, kò sí ihò, kò sí òdòdó, kò sí òkúta kankan lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó wọ ẹtù, tó sì dé fìlà tó bá a mu, ti di òjìji ọkùnrin. Eyín rẹ̀ àti gíláàsì ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Bẹ́ẹ̀, fọ́tò náà kò fì, kò gbọ̀n, àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì dúró dáadáa. Ẹni tó yà á mọ iṣẹ́.

Ìyá ní òun kò ní í san owó tó kù. Èyí tó dun ọ̀rẹ́ mi jù ni pé ó tún ní òun máa sọ fún ẹ̀gbọ́n òun tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ tirẹ̀ ní ìparí ọdún pé kó wá onífọ́tò mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí òwò yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Iṣẹ́ ìgbéyàwó kan ló ń bí èkejì. Tí ẹnì kan bá já okùn náà, ó lè tó ọdún kan kí èèyàn tó tún un so.

Nígbà tí ìyá lọ tán, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi gbé kámẹ́rà náà wá. Canon ni. A ṣí inú rẹ̀, a lọ síbi tí wọ́n kọ Picture Style sí, ohun tí mo fura sí náà la bá níbẹ̀: ó ti ti contrast lọ sí òkè pátápátá, ó wà ní +4. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ó máa ń dùn ún wò lẹ́yìn kámẹ́rà, pé fọ́tò máa ń "já gaara", àwọn oníbàárà sì máa ń pariwo "áà!" tí òun bá fi hàn wọ́n níbi ayẹyẹ.

Ẹ̀yin onífọ́tò, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kámẹ́rà ya ọjà yín láti tà á fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, ohun kékeré yìí ni mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí. Kò ná yín ní kọ́bọ̀ láti tún un ṣe. Ohun tó ń ná yín ni kẹ́ ẹ má mọ̀ ọ́n.

Kí ni contrast? Ẹ jẹ́ ká fi aláró ṣe àpẹẹrẹ. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta á ṣú díẹ̀. Èyí tí wọ́n rẹ títí tó fi gba aró dáadáa á dúdú bí ẹtù. Láàárín funfun aṣọ àti dúdú ẹtù, oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò rí. Fọ́tò tí kámẹ́rà ń kó pa mọ́ ní JPEG, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń lò, ní ìpele 256 láti orí dúdú kanlẹ̀, tí í ṣe 0, dé orí funfun kanlẹ̀, tí í ṣe 255. Ìpele wọ̀nyí wà fún pupa, wọ́n wà fún àwọ̀ ewé, wọ́n sì wà fún búlúù. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá yà, inú àtẹ̀gùn yìí ló gbọ́dọ̀ gbà.

Tẹ́ ẹ bá fi kún contrast, ohun tí kámẹ́rà ń ṣe ni pé ó ń fa àwọn ohun tó wà láàárín àtẹ̀gùn jìnnà síra wọn. Ohun tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ á túbọ̀ mọ́lẹ̀, ohun tó ṣú díẹ̀ á túbọ̀ ṣú. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò fi máa ń "já". Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kò gùn sí i. Àwọn ohun tó ti wà nítòsí òkè tẹ́lẹ̀ á kọ lu àjà, gbogbo wọn á di 255. Àwọn tó ti wà nítòsí ìsàlẹ̀ á wó lulẹ̀, gbogbo wọn á di 0. Ihò ara léèsì àti òdòdó ara léèsì, tí wọ́n jẹ́ 240 àti 250 tẹ́lẹ̀, á di nǹkan kan náà. Nígbà tí méjèèjì bá ti di 255, kò sí ẹni tó lè mọ èwo ni ihò, èwo ni òdòdó, bí ọ̀gá tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ̀ ọ́n tó.

Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni contrast. Tí kò bá tó, ẹni tó fẹ́ jẹun lè bù sí i. Tó bá ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó lè ṣà á jáde.

Tẹ́ ẹ bá dín in kù, òdìkejì rẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀. Ohun tó wà lókè á rọra sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ á gòkè díẹ̀. Fọ́tò náà á dà bíi pé ó rẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ bá wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà, kò ní í já. Ṣùgbọ́n léèsì á ṣì wà nínú rẹ̀, ojú bàbá á ṣì wà nínú rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ lè fi iyọ̀ tó bá wù yín sí i.

Ẹ má ṣe àṣìṣe kan tí ọ̀pọ̀ ń ṣe o. Contrast kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀. Tí fọ́tò bá ṣú jù látòkè délẹ̀, tàbí tó mọ́lẹ̀ jù látòkè délẹ̀, bọ́tìnnì tó ní àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò lára kámẹ́rà yín lẹ máa tún ṣe, ìyẹn exposure compensation. Tí àwọ̀ bá pupa jù tàbí tó búlúù jù, white balance ni. Contrast ni ẹ máa yẹ̀ wò nígbà tí òkè fọ́tò bá jóná tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa èèyàn dúdú ju bó ṣe kan ẹlòmíràn lọ. Ẹ wo bí òde ayẹyẹ wa ṣe rí. Àwọ̀ ara wa dúdú. Aṣọ tá a fẹ́ràn láti wọ̀ sì ni léèsì funfun, agbádá funfun, gèlè tó ń kọ mànà. Lórí gbogbo ìyẹn, oòrùn ọ̀sán gangan la fi ń ya fọ́tò ẹbí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ohun tó lè fa ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn jìnnà síra wọn ló pé síbẹ̀. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ tún máa ń dá kún un: tí aṣọ funfun bá gba ibi tó pọ̀ nínú fọ́tò, ó máa rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ojú tó dúdú á wá ṣú sí i. Tí contrast bá tún wà lókè, ó parí, ojú náà ti wọlẹ̀ lọ.

Kì í ṣe òní ni ìjà àwọ̀ dúdú àti ẹ̀rọ fọ́tò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti ayé fíìmù lè rántí àwọn káàdì tí Kodak máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn láàbù láti àwọn ọdún 1950 síwájú. Fọ́tò obìnrin òyìnbó kan ló máa ń wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Àwọ̀ ara Shirley yìí ni àwọn tó ń fọ fọ́tò fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ àwọn ń ṣe dáadáa. Tí ojú Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti dára nìyẹn, ojú ẹni tó bá wù kó wọlé sínú òkùnkùn. Nígbà tí Kodak wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún fíìmù rẹ̀ ṣe kó lè mọ oríṣiríṣi àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ dáadáa, ìròyìn tó jáde ni pé lára àwọn tí ẹjọ́ wọn ti ilé iṣẹ́ náà ṣe é ni àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, nítorí pé ọjà wọn kò hàn dáadáa nínú fọ́tò. Ẹ gbọ́ ọ, ṣokoléètì àti àga! Ó di àárín àwọn ọdún 1990 kí káàdì tó ní àwọn obìnrin aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó jáde. Lọ́dún 2021, Google ṣì ń polówó fóònù Pixel 6 rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní Real Tone, pé fóònù náà mọ àwọ̀ ara dúdú yà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, àwọn àgbà iṣẹ́ nílẹ̀ wa kò dúró de òyìnbó. Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí lọ́dún 1930 tó sì kú lọ́dún 2014, fi ọ̀pọ̀ ọdún ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà láti ọdún 1968. Fíìmù aláwọ̀ dúdú òun funfun ló fi yà wọ́n. Irun dúdú lórí orí ẹni dúdú, síbẹ̀ ẹ lè fi ojú tọ òwú kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí. Ní ayé ìgbà yẹn, inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti máa ń yan contrast, nípa yíyan nọ́ńbà pépà tí wọ́n fẹ́ tẹ fọ́tò sí. Nọ́ńbà 2 ni ti gbogbo ìgbà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń gòkè ni fọ́tò ń já sí i, bó bá ṣe ń wálẹ̀ ló ń rọ̀. Ẹni tí fíìmù rẹ̀ bá ti já jù látilẹ̀, á wá pépà tó rọ̀. Ohun tí kámẹ́rà ìgbàlódé fi sábẹ́ bọ́tìnnì kan nìyí. Nítorí pé ó ti rọrùn jù ni a kò ṣe kà á sí mọ́.

Ó yá, ẹ mú kámẹ́rà yín.

Tó bá jẹ́ Canon tó ń lo lẹ́ńsì tó ṣeé tú, ẹ wọ inú ménù, ẹ wá Picture Style. Ẹ máa rí Standard, Portrait, Landscape, Neutral, Faithful àti Monochrome. Ẹ gbé àmì sórí èyí tẹ́ ẹ ń lò, kẹ́ ẹ sì tẹ bọ́tìnnì INFO. Lára àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, DISP ni wọ́n kọ sára bọ́tìnnì náà. Contrast á hàn, ó máa ń lọ láti −4 dé +4. Tó bá jẹ́ Nikon, Set Picture Control ni ẹ máa wá. Ẹ yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún, láti −3 dé +3 ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ Nikon tó ti pẹ́ díẹ̀ kì í jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan contrast tí Active D-Lighting bá wà ní títàn, nítorí náà tí nọ́ńbà kò bá gbọ́, ẹ kọ́kọ́ pa ìyẹn. Ti Sony ni Creative Style, láti −3 dé +3. Lára àwọn tuntun tó jáde láti ọdún 2020, Creative Look ni wọ́n ń pè é, ó sì ń lọ láti −9 dé +9. Fujifilm ní tirẹ̀ pín in sí méjì, ọ̀kan fún ibi tó mọ́lẹ̀, ọ̀kan fún ibi tó ṣókùnkùn. Lójú tèmi, ti Fujifilm yìí ló gbọ́n jù, nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí èèyàn dáàbò bo léèsì láìfọwọ́ kan fìlà.

Ohun kan tí kì í hàn sí ọ̀pọ̀ ni pé 0 kan kò dọ́gba pẹ̀lú 0 mìíràn. 0 ti Landscape já ju 0 ti Standard lọ. 0 ti Neutral rọ̀ ju méjèèjì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dín contrast kù tí kò fẹ́ máa ka nọ́ńbà, tó bá kàn gbé e sórí Neutral, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Mélòó wá ni kí ẹ lò? Èmi ò ní í sọ pé nọ́ńbà kan ló tọ́ fún gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ oòrùn gangan, tí aṣọ funfun bá wà níbẹ̀, −2 lórí Canon tàbí −1 sí −2 lórí Nikon kò tíì já mi kulẹ̀ rí. Nínú gbọ̀ngàn tẹ́ ẹ bá ń lo fíláàṣì tó ń lu àjà, 0 dára. Ní ọjọ́ tí òjò ṣú, tàbí nígbà ọyẹ́ tí eruku bo ojú ọ̀run tí gbogbo nǹkan rí ràkọ̀ràkọ̀, ẹ lè lọ sí +1, kódà +2, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà kò fa nǹkan jìnnà síra wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni contrast ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹni tó bá ń lo nọ́ńbà kan náà ní oṣù kìíní àti ní oṣù kẹrin, bí ẹni tó ń wọ kóòtù nínú oòrùn ló rí.

Kẹ́ ẹ má bàa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, ẹ dán an wò ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò bá sí. Ẹ fa aṣọ funfun oníṣẹ́ ọnà kan kọ́ sójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ fa aṣọ dúdú kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ yín dúró sáàárín méjèèjì nínú oòrùn. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí M kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa yí padà. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀marùn-ún: contrast nísàlẹ̀ pátápátá, ní agbedeméjì ìsàlẹ̀, ní 0, ní agbedeméjì òkè, àti lókè pátápátá. Ẹ tẹ márààrún jáde lórí pépà kékeré níbi tẹ́ ẹ ti máa ń tẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Owó pépà márùn-ún péré ni, ó sì máa kọ́ yín ní ohun tí ìwé kankan kò lè kọ́ yín, nítorí pé kámẹ́rà tiyín, láàbù tiyín àti àwọ̀ àwọn èèyàn tiyín ló wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ni pé gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà máa ń purọ́. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, pépà kò tan ìmọ́lẹ̀ kankan. Ohun tó ṣú díẹ̀ lórí gíláàsì máa ń ṣú pátápátá lórí pépà. Láàbù mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ wọn máa ń tún fọ́tò ṣe fúnra rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, ó sì lè fi contrast tirẹ̀ lé orí èyí tẹ́ ẹ ti fi sí i. Iyọ̀ onílé, iyọ̀ àlejò. Ẹ bi wọ́n léèrè. Tẹ́ ẹ bá ti tún fọ́tò yín ṣe tán, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.

Dípò kẹ́ ẹ gbára lé ojú lásán, ohun méjì wà lẹ́yìn kámẹ́rà tí kì í purọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwòrán tó rí bí òkìtì tí wọ́n ń pè ní histogram. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni dúdú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni funfun. Tí òkìtì náà bá rọ̀ mọ́ ògiri ọwọ́ ọ̀tún, aṣọ funfun ti ń jóná nìyẹn. Tó bá rọ̀ mọ́ ògiri ọwọ́ òsì, fìlà àti irun ti ń wọlẹ̀. Èkejì ni ìkìlọ̀ tó máa ń jẹ́ kí ibi tó ti jóná máa ṣẹ́jú. Ẹ tàn án. Tí léèsì ìyá ìyàwó bá ń ṣẹ́jú sí yín, ẹ má tíì jẹ́ kó kúrò níwájú yín.

Ó tún ku ohun kan tó ju gbogbo nọ́ńbà lọ, tí kò sì sí nínú ménù kankan: ẹ gbé èèyàn kúrò nínú oòrùn. Abẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, abẹ́ kánópì funfun. (Kánópì aláwọ̀ búlúù tàbí ewé máa ń kun èèyàn ní àwọ̀ tirẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún un.) Tí bàbá kan bá taku pé iwájú ọkọ̀ òun nínú oòrùn lòun fẹ́ dúró sí, ẹ tan fíláàṣì sí i lójú, ọ̀sán kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sán gangan. Fíláàṣì náà á gbé ojú rẹ̀ sókè bá aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ sì ní àkókò láti tún fọ́tò ṣe, RAW ló máa gbà yín. JPEG ni ọbẹ̀ tó ti jinná. RAW ni èlò ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé kaná. Dípò ìpele 256, ó ní 4,096 tàbí 16,384, bí kámẹ́rà bá ṣe rí. Contrast tẹ́ ẹ yàn nínú kámẹ́rà kì í wọ inú rẹ̀, ẹ lè yí i padà nígbà tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ àyè lórí mẹ́mọ́rì káàdì gan-an, ó sì ń jẹ àkókò. Ohun tí mo máa ń gba àwọn ọ̀rẹ́ mi nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n lo méjèèjì pọ̀ fún fọ́tò tí owó wà nínú rẹ̀: ìyàwó àti ọkọ, àwọn òbí méjèèjì, ẹbí. Èyí tí wọ́n yà nígbà tí àwọn èèyàn ń jó, JPEG tó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé fọ́tò tó ń hàn lẹ́yìn kámẹ́rà, àti histogram rẹ̀, JPEG ni wọ́n máa ń wò, ì báà jẹ́ RAW lẹ̀ ń yà. Contrast tó wà lókè á máa parọ́ fún yín pé aṣọ ti jóná nígbà tí kò tíì jóná.

Àwọn tí contrast kàn jù lọ ni àwọn tó ń yà á tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, àwọn tó máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré wá síbi ayẹyẹ, tí wọ́n á ti ya àlejò, tí wọ́n á sì ti mú fọ́tò rẹ̀ wá bá a níbi tó ti ń jẹun. Ẹ̀yin kò ní àkókò kọ̀ǹpútà. Bí kámẹ́rà bá ṣe sè é lẹ máa bù ú. Tí àlejò bá wo fọ́tò tó rí ojú ara rẹ̀ bí èédú, kò ní í rà á, pépà ti lọ, íǹkì ti lọ, ẹ ò sì lè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe ìdánwò fọ́tò márùn-ún yẹn lọ́la òde yìí, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ń gbé lọ sóde náà sì ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọlọ́jà náà ńkọ́? Obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítokú, l'Ábẹ́òkúta, sọ fún mi pé oníbàárà kan dá aṣọ padà láti Èkó, ó ní kì í ṣe èyí tí òun rí lóun gbà. Mo wo fọ́tò tí obìnrin náà fi ránṣẹ́. Fóònù ni ó fi yà á, ó wá fa contrast rẹ̀ sókè kí aṣọ lè "yọ". Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà ti di funfun, búlúù tó ṣú ti di dúdú. Aṣọ aláwọ̀ mẹ́rin ti di aláwọ̀ méjì. Oníbàárà rí aṣọ funfun òun dúdú lórí fóònù, aṣọ búlúù ló bá nínú páálí. Ta ló jẹ̀bi? Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ló sì bá a lọ. Bàtà aláwọ dúdú náà ń kú báyìí, tí rírán ara rẹ̀ kò ní í hàn mọ́. Sányán náà, tí gbogbo iyì rẹ̀ wà nínú òwú tó ń tàn díẹ̀díẹ̀, á wá dà bíi páálí. Tẹ́ ẹ bá ń fi fóònù yà á, ẹ jẹ́ kí HDR rẹ̀ wà ní títàn, ẹ ya ọjà nítòsí fèrèsé níbi tí oòrùn kò ti lù ú tààrà. Tí fọ́tò bá ṣú, Shadows ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà sókè díẹ̀, tí funfun bá ń jóná, Highlights ni kẹ́ ẹ fà wálẹ̀. Ẹ wá gbé ọjà náà fúnra rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù kẹ́ ẹ fi wé e kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi, a gbìyànjú lórí kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ojú Dádì gòkè díẹ̀, ó rí wúruwùru, ṣùgbọ́n ó di ojú èèyàn. Léèsì Mọ́mì kò padà wá rárá. JPEG nìkan ló yà. Ó pe ìyá náà lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n fi owó tó kù sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì kàn wọ aṣọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó gbé wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, oòrùn wà níta, àwọn wà lábẹ́ òrùlé. Ó fi contrast sí −2, ó yà wọ́n ní JPEG àti RAW, ó tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà níṣojú wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Mọ́mì gba fọ́tò náà, ó fi èékánná tọ àwọn òkúta ara léèsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ọrùn. Dádì ní kó jẹ́ kí òun náà wò ó. Ìyá kò tíì fún un. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ mi, ó ní, "Fọ́tò, èló ni férémù ńlá yẹn?"